Kí A Tó Fi Owó Kòkó Ra Ilé Háyà ní Ìgboro

Nígbà tí owó bá wọ ìletò, alágbàtà ilé kì í pẹ́ kí òun náà tó dé. Ní oṣù March ọdún 2024, iye owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí àwọn baba wa ti ń gbin kòkó. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ ni ó rí owó tí wọn kò fi ojú kàn rí. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2025 tó parí, iye náà ti wá sílẹ̀ gidigidi. Bí kòkó ti rí nìyẹn: a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí owó ńlá lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè pẹ́ kí irú rẹ̀ tó tún dé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò ó pé kí wọn fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ilé sí ìgboro, kí ayálégbé máa gbé inú rẹ̀, kí owó ilé sì máa wọlé ní ọdọọdún títí di ọjọ́ ogbó. Bákan náà ni èrò òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì. Èrò rere ni, nítorí àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò kí ó tó san owó lè fi iṣẹ́ ogún ọdún ra ohun tí yóò máa jẹ owó mọ́ ọn lọ́wọ́ dípò kí ó máa mú owó wá. Ẹni tí kò bá sì wádìí ilẹ̀ lè ra ẹjọ́ dípò ilé. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, kí ẹ̀yin ará wa lè mọ ìbéèrè tí ó yẹ láti bi ẹni tí ó bá wá ta ilé fún yín.

ÒWÒ NI ILÉ HÁYÀ

Ilé tí ènìyàn ń gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ilé tí ó fẹ́ fi háyà. Nínú ilé tí a ń gbé, ìfẹ́ ọkàn ni à ń tẹ̀lé. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé baba wa, tí a sì fẹ́ fi òkúta dídán ṣe ilẹ̀ pálọ̀, kò sí ẹni tí yóò bi wá léèrè. Ṣùgbọ́n ilé háyà jẹ́ òwò, bí ìsọ̀ aṣọ tàbí ọkọ̀ èrò ti jẹ́ òwò. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ èrò kì í béèrè bóyá àwọ̀ ọkọ̀ náà wu òun. Ohun tí ó ń béèrè ni iye tí yóò máa pa wọlé lójúmọ́, iye epo tí yóò máa mu, àti ìgbà tí owó tí òun fi rà á yóò padà wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a bi ilé háyà.

Alágbàtà yóò sọ iye tí onílé ń tà á, yóò sì sọ pé ó pọ́ọ́kú. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ títí ẹ ó fi mọ iye tí àwọn ayálégbé ń san ní tòótọ́. Owó tí ilé ń pa wọlé ni ó lè sọ fún wa iye tí ó yẹ kí a rà á.

ÌṢIRÒ NÁÀ

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. A ó fi orúkọ Lágbájá pe ẹni tí ó fẹ́ ra ilé. Ẹni tí ó ń ka ìwé yìí sí etí àwọn àgbà nínú iyàrá ìkàwé, jọ̀wọ́, kọ àwọn iye wọ̀nyí sí ara pátákó kí gbogbo ènìyàn lè máa bá a lọ.

Ká sọ pé ilé kan wà tí ó ní ojúlé mẹ́rin, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ yàrá kan àti pálọ̀ kan. Onílé ń tà á ní ₦22,000,000. Lágbájá rò pé iye tí òun yóò san nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò san owó lọ́yà, owó alágbàtà, owó awọnlẹ̀ àti owó ìforúkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Yóò tún kun ilé náà, yóò sì tún òrùlé rẹ̀ ṣe kí ayálégbé tó lè wọ̀ ọ́. Ká sọ pé gbogbo èyí jẹ́ ₦3,000,000. Iye tí ilé náà ná Lágbájá di ₦25,000,000.

Ojúlé kọ̀ọ̀kan ń mú ₦500,000 wá lọ́dún. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000. Alágbàtà yóò dúró níbẹ̀, yóò ní, “Bàbá, mílíọ̀nù méjì lọ́dún láìṣe iṣẹ́ kankan!” Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ojúlé kan kì í sábà kún láti January dé December. Bí ayálégbé kan bá kó jáde, ó lè tó oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó wọlé. Oṣù mẹ́ta lórí ojúlé kan jẹ́ ₦125,000. Èkejì, òjò yóò ba páànù jẹ́, ilé ìyàgbẹ́ yóò kún, ẹ̀rọ omi yóò bàjẹ́. Ẹ yọ ₦250,000 sílẹ̀ fún àtúnṣe. Ẹ̀kẹta, nítorí pé Lágbájá ń gbé oko, ẹnìkan ni yóò máa bá a bójú tó ilé náà, tí yóò sì máa gba owó. Bí ẹni náà bá ń gba ₦10 lórí ₦100 tí ó bá gbà, ó jẹ́ ₦187,500. Ẹ̀kẹrin, owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ àti owó kéékèèké mìíràn: ₦62,500. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ ₦625,000.

Bí a bá yọ ₦625,000 kúrò nínú ₦2,000,000, ohun tí ó kù ní ọwọ́ Lágbájá jẹ́ ₦1,375,000. Ẹ pín in sórí ₦25,000,000 tí ó ná. Lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí Lágbájá ná, ilé náà ń mú ₦5.50 wá fún un lọ́dún. Bí ìyípadà kankan kò bá sí nínú owó ilé, ó ju ọdún 18 lọ kí gbogbo owó rẹ̀ tó padà sí ọwọ́ rẹ̀.

A kò sọ pé kí Lágbájá má ra ilé náà. Èrè tí kò ṣeé kà lójúmọ́ wà nínú ilé. Owó tí a tọ́jú sínú àpótí ń dínkù ní agbára bí ọjà ti ń gbówó lórí, ṣùgbọ́n ilé wà níbẹ̀, a sì máa ń fi kún owó rẹ̀ bí ìlú ti ń gbòòrò. Àwọn ọmọ yóò jogún rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó mọ iye yìí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí pé ₦5.50 yìí ni yóò sọ fún un bóyá ó lè yá owó tàbí kò lè yá a. Gbígbówó-lórí ilé jẹ́ ìrètí. Owó ilé nìkan ni a lè fi san gbèsè ní òpin oṣù.

OWÓ WO NI A Ó FI RÀ Á?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa: owó tí a ti kó jọ fúnra wa, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti owó báńkì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ báńkì. Ní oṣù November ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé tí àwọn báńkì yòókù ń wò dé ₦27.50 lórí ₦100. Ẹni tí ó bá yá owó lọ́wọ́ báńkì oníṣòwò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń san ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ ṣe àánú fún Lágbájá, kí a sọ pé ₦25 lórí ₦100 ni wọ́n fún un, àti pé ìdajì owó ilé náà, ₦12,500,000, ni ó yá. Èlé ọdún kan jẹ́ ₦3,125,000. Ilé sì ń mú ₦1,375,000 wá. Lágbájá yóò máa wá ₦1,750,000 láti inú oko rẹ̀ lọ́dọọdún láti fi kún un, kò sì tíì san kọ́bọ̀ nínú ojú owó náà. Bí kòkó kò bá so dáadáa ní ọdún kan, báńkì yóò ta ilé náà, nítorí pé òun ni ó fi dúró. Ilé tí ó rò pé yóò máa bọ́ òun ti di ohun tí òun ń bọ́.

Òfin kúkurú kan wà nínú èyí tí ọmọdé pàápàá lè há sórí: bí èlé orí ₦100 bá ju ohun tí ilé ń mú wá lórí ₦100 lọ, gbèsè náà yóò máa jẹ ilé náà. Bí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ bá kéré, ilé lè fara dà á. Bí ó bá pọ̀, kò lè fara dà á.

Nípa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1935 ni òfin àkọ́kọ́ lórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ lè yá ìlọ́po méjì ohun tí ó ti fi pamọ́, èlé rẹ̀ a sì máa kéré sí ti báńkì. Ká sọ pé Lágbájá ní ₦20,000,000 ní ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì yá ₦5,000,000 péré nínú ẹgbẹ́ ní èlé ₦10 lórí ₦100. Èlé ọdún kìíní jẹ́ ₦500,000. Nínú ₦1,375,000 tí ilé ń mú wá, ₦875,000 ṣẹ́kù tí ó lè fi san nínú ojú owó. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹsẹ̀, gbèsè náà yóò tán kí ọdún karùn-ún tó parí, láìfọwọ́ kan owó oko. Ilé kan náà ni, ayálégbé kan náà ni, ṣùgbọ́n gbèsè kan pa onílé, èkejì sì gbé e ró.

Owó kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní ọdún 1956 ni a dá ẹgbẹ́ ilé kíkọ́ tí ń jẹ́ Nigerian Building Society sílẹ̀, òun ni ó sì di Federal Mortgage Bank of Nigeria ní ọdún 1977. Ní ọdún 1992, òfin dá Owó Ilé ti Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀, nínú èyí tí òṣìṣẹ́ ń san ₦2.50 lórí ₦100 nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ náà lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ń dá owó yìí lè yá owó láti kọ́ ilé tàbí ra ilé, èlé rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti báńkì oníṣòwò, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún láti san án. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ilé tí ẹni náà yóò máa gbé fúnra rẹ̀ ni a dá owó yìí sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé kí ẹ fi yá owó ra ilé háyà ń ṣì yín lọ́nà. Ọmọ yín tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro lè fi kọ́ ilé tirẹ̀, kí ó má baà máa wá owó ilé lọ́wọ́ yín.

Ní ti owó ara ẹni, àwọn baba wa mọ ọ̀nà kan tí ó ṣì dára: kíkọ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi gbogbo owó gbé ògiri ojúlé mẹ́fà dúró láìsí òrùlé ti fi owó sùn. Òjò ni yóò máa jẹ bíríkì rẹ̀. Ó sàn kí ó parí ojúlé méjì pátápátá, pẹ̀lú omi àti ilé ìyàgbẹ́, kí ayálégbé wọ̀ ọ́, kí owó ilé méjì yìí máa ran èyí tí ó kù lọ́wọ́. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni à ń lá ọbẹ̀ gbígbóná.

ILẸ̀ TÍ ILÉ DÚRÓ LÉ

Gbogbo ìṣirò tí a ṣe lókè yìí di asán bí ilẹ̀ náà kì í bá ṣe ti ẹni tí ó tà á. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí nínú rẹ̀, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan rárá, bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí ilé-ẹjọ́ kí a dà á nù. Nítorí náà, ìbuwọ́lù mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí nìkan kò tó, ìbuwọ́lù ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú yín lọ wo ilẹ̀ kò sì tó rárá. Ẹ béèrè iye ẹ̀ka tí ẹbí náà ní, kí ẹ sì rí aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú yín. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ní 29 March 1978, Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ní ìwé tí a ń pè ní C of O kò lè ta ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn kí títà náà sì pé láìsí ìfọwọ́sí Gómìnà. Rìsíìtì tí ẹbí fún yín fi hàn pé ẹ san owó. Kò fi yín ṣe ẹni tí ìjọba mọ̀ sí ilẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwé àdéhùn títà, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì tí a ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹ tó san owó, ohun mẹ́rin ni kí ẹ rán lọ́yà àti awọnlẹ̀ láti ṣe fún yín. Kí lọ́yà lọ wo ìwé ilẹ̀ náà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, kí ó mọ orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì mọ̀ bóyá wọ́n ti fi ilé náà yá owó. Kí ó wádìí ní ilé-ẹjọ́ bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Kí awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ mú pulánì ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, kí ó wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sí ibi tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, kí ó dé orí ilẹ̀, kí ó rí àwọn òpó sìmẹ́ńtì tí nọ́ńbà wà lára wọn, kí ó sì fi okùn wọ̀n ọ́n.

Wíwọ̀n yìí ṣe pàtàkì. “Pulọ́ọ̀tì kan” kì í ṣe ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn, ó jẹ́ 50 sí 100. Èkíní jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7,200 ní ìgbọ̀rọ̀ rẹ̀, èkejì jẹ́ 5,000. Ẹni tí ó bá san owó pulọ́ọ̀tì ńlá gba kékeré ti pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta ilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó gbé bíríkì kan lé ekejì.

Nípa ìgbẹ́sẹ̀lé ìjọba, ẹni tí ó bá gbé Èkó ní oṣù July ọdún 1990 kò ní gbàgbé Màrókò, níbi tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ náà ti fi katakata wó ilé àwọn ènìyàn. Onílé àti ayálégbé ni wọ́n jọ dé ojú títì pẹ̀lú ẹrù wọn.

IBI TÍ ILÉ WÀ

Kí ni ayálégbé ń sanwó fún? Ó ń sanwó fún omi tí ó wà nítòsí, iná tí ó ń tàn, ilé ìyàgbẹ́ tí ó mọ́, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà nígbà òjò, àti àlàáfíà ní òru. Lẹ́yìn èyí, ó ń sanwó fún ìtòsí: ìtòsí ọjà, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ gíga, tàbí ibi tí iṣẹ́ wà. Kì í fi owó kún owó ilé nítorí òpó ńláńlá tí ó wà ní iwájú ilé. Nítorí náà, owó tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ fi gbẹ́ kànga.

Ẹ tún ronú lórí irú ilé náà. Ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú sí ara wọn a máa tètè rí ayálégbé, nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Bí yàrá kan bá sì ṣófo, àwọn yòókù ṣì ń mú owó wá. Ṣùgbọ́n ènìyàn púpọ̀ lórí ilé ìyàgbẹ́ kan a máa fa ìjà àti àtúnṣe. Ilé olójúle ńlá a máa ní ayálégbé díẹ̀ àti wàhálà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojúlé kan bá ṣófo, ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin owó ilé ti lọ. Ẹ bi àwọn tí ń gbé àdúgbò náà léèrè irú èyí tí ènìyàn ń wá. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń san pẹ̀lú, kì í ṣe alágbàtà nìkan.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ lọ wo ilé náà nígbà òjò. Ìbàdàn ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní 31 August 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ní 26 August 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilé tí ó wà ní bèbè odò a máa dára lójú ní January, owó rẹ̀ a sì máa pọ́ọ́kú. Ẹ wá ìyá àgbà kan ní àdúgbò, kí ẹ bi í pé, “Ìyá, níbo ni omi dé ní ọdún náà?” Ìdáhùn rẹ̀ níye lórí ju gbogbo ọ̀rọ̀ alágbàtà lọ.

ÀWỌN AYÁLÉGBÉ

Ayálégbé ni ó ń mú owó wá sínú òwò yìí. Bí a bá ṣe é níkà, òwò náà yóò bàjẹ́. Òfin tún wà. Ní ọdún 2011, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin kan tí ó kan ọ̀pọ̀ àdúgbò ibẹ̀. Ó ní kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, kí ó máa fún un ní rìsíìtì, kí ó sì fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ìwé oṣù mẹ́fà kí ó tó lé e, bí wọn kò bá ní àdéhùn mìíràn. Òfin náà kọ̀ fún onílé láti ṣí òrùlé tàbí yọ ilẹ̀kùn lórí ayálégbé. Ilé-ẹjọ́ ni kí ó lọ. Ẹni tí ó bá ra ilé sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ó bi lọ́yà rẹ̀ ní òfin ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ ẹni tí ó fẹ́ ra ilé ni pé kí ó má ṣe gbójú lé owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láti fi san gbèsè. Kí ó sì béèrè, kí ó tó rà á, irú ayálégbé tí ó wà nínú ilé náà, iye tí wọ́n ti san sílẹ̀, àti ìgbà tí owó wọn yóò tán. Bí onílé àtijọ́ bá ti gba owó ọdún kan tí ó ń bọ̀ kí ó tó tà á, kò sí owó tí yóò wọlé fún olówó tuntun ní ọdún náà.

Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tàbí ọ̀rẹ́ méjì bá sì jùmọ̀ ra ilé, kí wọn kọ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà, kí àwọn ọmọ má baà jogún ìjà.

Ẹ̀yin ará wa, ilé kò ní ẹsẹ̀. Bí alágbàtà bá sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san owó ní ọ̀la, ẹ jẹ́ kí ó san án. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò: iye tí yóò ná yín ní gbogbo rẹ̀, iye tí yóò mú wá lẹ́yìn ìnáwó, àti iye tí ó ń mú wá lórí ₦100. Ẹ fi èlé gbèsè wé e. Ẹ rán lọ́yà àti awọnlẹ̀ lọ. Ẹ dé ibẹ̀ nígbà òjò. Bí ìdáhùn gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ ra ilé náà, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó tọ́jọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá dára, ẹ gbé owó yín padà sílé. Ẹni tí owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ra ilé mìíràn ní ọdún tí ó ń bọ̀.